Lórí Ìlóṣòó

Bí wọ́n bá múná dé lóru,
tí fáànù àwọn ará ìsàlẹ̀ bẹ̀rẹ̀ sí í ké bí ewúrẹ́,
mo máa ń yọ́ dìde lẹ́gbẹ̀ẹ́ ọkọ mi,
mo máa ń lọ lóṣòó síwájú kọ̀ǹpútà ní pálọ̀,
nítorí àga wa a máa han.
Ọmọ ọdún mọ́kànlélógójì ni mí.
Ìṣirò ni mò ń kọ́ àwọn ọmọ l'Ókèsà,
kò sì sẹ́ni tó mọ̀ níbi iṣẹ́ pé tíṣà ń gbá géèmù.

Ihò Wúrà lorúkọ rẹ̀.
O ó mú àtùpà kan àti ṣọ́bìrì, o ó wọ ilẹ̀ lọ.
Bí o ṣe ń jìnnà sí òkè ni ariwo ayé ń dín kù,
omi ń kán, tó, tó,
ilẹ̀ náà sì pupa bíi tiwa gẹ́lẹ́.
Ẹni tó yà á ti rìn láìwọ bàtà
ní Ìtagúnmódì lẹ́yìn òjò,
ó mọ bí ẹrẹ̀ ṣe ń fa gìgísẹ̀.
Ní ìpele kẹsàn-án, ìyá arúgbó kan jókòó sẹ́nu ihò,
ó ń dúró de ọmọ tí kò gòkè wá.
Kì í sọ̀rọ̀. Bí o bá bu omi fún un, á gbà á.
Ibẹ̀ ni mo ti sunkún nínú oṣù Èbìbí.
Mo sọ fọ́kọ mi pé kòkòrò ló kó sí mi lójú.

Ọmọ ìlú wa ló ṣe é, Oyèṣanmí, ará Ìsọ̀kùn.
Oṣù tó tẹ̀ lé e, ó ń jáde fún káńsẹ́lọ̀,
mo gbọ́ ọ lórí rédíò, ohùn rẹ̀ tutù bí omi àmù:
kí gbogbo àlejò tó ń wa wúrà palẹ̀ mọ́,
kí wọ́n bá ọkọ̀ màlúù padà síbi tí wọ́n ti wá,
ẹni tó bá kọ̀, kí ihò rẹ̀ di sàréè rẹ̀.
Wọ́n pàtẹ́wọ́.

Mùbárákì ló fi géèmù náà hàn mí, nígbà ìsinmi Àjíǹde,
lórí fóònù tí ojú rẹ̀ ti fọ́ yángá.
Ó ní, "Tíṣà, ẹ wò ó, ibi iṣẹ́ bàbá mi rèé."

Mo fẹ́ pa á rẹ́. Ìka mi dé ibẹ̀, ó dúró.
Wọ́n ní ẹyin la rà, a ò ra adìyẹ.
Bẹ́ẹ̀ ni. Ṣùgbọ́n adìyẹ yìí ń ké,
orúkọ ẹni tí mo mọ̀ ló sì ń pè.
Ẹgbẹ̀rún méjì ààbọ̀ náírà tí mo san,
ṣé ó wà nínú àwòrán rẹ̀ tí wọ́n lẹ̀ mọ́ ògiri l'Éréjà?

Bàbá tó bí bàbá mi ta aṣọ àwìn dé ilẹ̀ Núpé.
Ó lóṣòó sẹ́nu ọ̀nà onígbèsè
láti ìdájí títí àwọn adìyẹ fi wọlé.
Àlejò ni. Kò gbọ́ èdè wọn ju "owó" àti "ọ̀la" lọ.
Obìnrin kan ládùúgbò náà ló bu omi fún un mu;
ó sọ ọ́ títí ó fi kú,
bí ẹni pé omi yẹn ju èrè ọjà lọ.
Ta ló wá sọ ọ́ fún Oyèṣanmí?
Ibo ló ti rí ìyá arúgbó yẹn?

Mo bi Mùbárákì bóyá ó gbọ́ ti rédíò.
"Mo gbọ́ ọ, mà." Ó wo bàtà rẹ̀.
"Ìpele wo lẹ dé?"
Mo ní ìkẹsàn-án ni.
Ó ní kí n má tíì kúrò lọ́dọ̀ ìyá yẹn,
kí n bu omi fún un lẹ́ẹ̀mẹta, pé á dìde.

Lọ́jọ́ Sátidé mo tẹ̀ka fún ẹlòmíràn.
Nígbà tó di òru, wọ́n múná dé.
Mo lóṣòó.
Mo ti bu ẹ̀ẹ̀kejì.